Ọjọ́ Tí Ìka Mi Tún Mọ Iyanrìn

Ọyẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kùrukùru bo Ayétòrò débi pé ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa kò ní rí igi máńgòrò tó wà níwájú ilé. Eruku ti funfun lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ètè gbogbo wa ti là, èéfín iná tá a dá lọ́jọ́ tó ṣáájú sì kọ̀, kò gòkè, ó kàn nà gbalaja sórí ilẹ̀ bí ajá tó yó. Mo jáde, mo ki ọwọ́ ọ̀tún mi bọ inú garawa omi tó ti wà níta mọ́jú. Òtútù bù mí jẹ ní ìka. Mo pariwo, lẹ́yìn náà mo bú sẹ́rìn-ín.

Àbẹ̀ní, tá a jọ ń mọ ìkòkò, ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó dúró, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín nínú omi?"

"Ó tutù ni."

"Ó tutù, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín? Èmi ń wá ẹ̀wù tí n óò wọ̀ lé ẹ̀wù!"

Kò yé e nígbà náà. Níwájú wa, lábẹ́ eérú, ni àwọn agbada tí mo fi ọwọ́ yẹn kan náà mọ wà, ìyẹn ìkòkò fífẹ̀ tí àwọn obìnrin fi ń yan gàrí. A ò tíì mọ̀ bóyá odidi ni wọ́n tàbí àfọ́kù. Àwọn tó ni wọ́n ti wà lọ́nà, Àgọ́sásá ni wọ́n ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá bá àfọ́kù, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n tó kó eérú kúrò, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe ni wọ́n ní kí n bá sọ̀rọ̀.

Ìyá Rámọ́tà ni wọ́n ń pè mí. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, orí àga abẹ́ máńgòrò ni ilé mi. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Mo lè kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá kán mi lójú. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò gùn: ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ bá Màmá Àṣàké lẹ́yìn ọjà, ó kúnlẹ̀, ó ní kó bá òun kọ́ mi níṣẹ́ ìkòkò mímọ. Màmá Àṣàké yí àtẹ́lẹwọ́ mi síwá sẹ́yìn, ó ní, "Fi í sílẹ̀." Ó parí. Ní ti owó, ó ń wá, ó ń lọ, ó tọ́ ọmọ. Ìyẹn náà parí.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí dáadáa ni ọ̀dọ̀ Màmá Àṣàké. Obìnrin náà ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ kì í sókè. Kì í na ẹnikẹ́ni. Bí a bá ṣì í ṣe, yóò kàn fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe odó, ìyẹn ni pé kí a lọ gún àpáàdì, àfọ́kù ìkòkò àtijọ́ tá a máa ń gún kúnná pò mọ́ amọ̀ kó lè gba iná. Àwa tá a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ gún àpáàdì débi pé bí a bá ń jẹun nílé, ó ń ṣe wá bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀bà.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi dì mí lójú, ó sì gbé ìṣù amọ̀ kan lé mi lọ́wọ́.

"Òkúta kan wà nínú rẹ̀. Yọ ọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. "Màmá, mi ò rí i."

"Ta ló ní kó o rí i? Ìka rẹ ni mo rán níṣẹ́, mi ò rán ojú."

"Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. Kò kéré ju ẹ̀gúsí lọ. Àtàǹpàkò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni, bí ẹni tó kọjá níwájú àna rẹ̀ tí kò kí i."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín mi títí. Nígbà tí mo rí òkúta ìwọ̀n ẹ̀gúsí, ó yí i sí ìwọ̀n kóró ata. Nígbà tí mo rí ìyẹn, ó yí i sí iyanrìn. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, ojú mi ṣì ń wà nínú gèlè láràárọ̀. Ìyá mi wá bẹ̀ mí wò lọ́jọ́ kan, ó bá mi bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ṣé ojú ń dun ọmọ yìí ni?"

Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé inú ìkòkò ò ṣeé wò nígbà tí èèyàn bá ń mọ ọ́n. Àtàǹpàkò wà nínú, ìka yòókù wà níta, amọ̀ wà láàárín, ìka ló sì máa sọ fúnni pé ibí nípọn, ibí fẹ́lẹ́. Tí ibì kan bá nípọn ju ibòmíì lọ, iná máa tú àṣírí. Amọ̀kòkò tiwa kì í yí ìkòkò, òun ló ń yí ìkòkò ká, ẹ̀yìn ló sì máa ń fi rìn, ọwọ́ kò ní kúrò lára amọ̀. Nítorí náà, Màmá Àṣàké á da kùùkù àgbàdo sí ojú ọ̀nà tí a máa gbà, kí ẹsẹ̀ wa lè máa mọ ilẹ̀ tí ojú ò rí. Mo ti tẹ ọ̀kan rí, mo sì jókòó bàì sínú ìkòkò omi tí obìnrin míì ń mọ. Odó ni mo sùn sí níjọ́ yẹn, ẹ kàn fi sílẹ̀.

Ó ní òfin méjì tí kò gba àwáwí. Àkọ́kọ́: bí ọwọ́ bá ti pẹ́ lórí amọ̀, ká gbé e kúrò, ká fọ̀ ọ́ lómi tútù, ká tó padà. Ó ní ọwọ́ tó bá pẹ́ lójú kan máa ń sùn. Èkejì: a ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kan ohun tó wà nínú iná, ì báà jẹ́ ẹyín iná kan ṣoṣo. Igi oníga, igi gígùn tí orí rẹ̀ pín sí méjì, la fi ń gbé ìkòkò jáde. Mi ò béèrè ìdí. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń béèrè ìdí?

Nígbà tí Màmá Àṣàké lọ sí ilé rere, mo dara pọ̀ mọ́ àwọn amọ̀kòkò etí odò. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, alárìíyá sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n àṣà tiwọn yàtọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà tí ọwọ́ rẹ ò bá mọ iná mọ́ lo di ọ̀gá. Obìnrin tó bá lè fi ìka mú ẹyín iná nínú ààrò tirẹ̀, kó gbé e lọ fi dáná fún ẹlòmíì, tí kò fajú ro, wọ́n á pariwo, "Ọwọ́ ti gba iná!" Wọ́n á gbé àpótí àgbà fún un láti jókòó, òun náà á se ẹ̀wà fún gbogbo ilé iṣẹ́. Àbẹ̀ní kéré sí mi gan-an, ó sì ti se ẹ̀wà tirẹ̀. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n wa, ọwọ́ ìyàwó ilé ṣì ni tiyín." Ó ń dùn mí díẹ̀.

Ọdún ń lọ, iṣẹ́ ń yí padà. Dúrọ́ọ̀mù oníke dé, ó lé ìkòkò omi wọ ẹ̀yìnkùnlé. Fíríìjì dé, ó lé èyí tó kù. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé sìmẹ́ńtì Ìbéṣè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé, àwọn ìyàwó wọn ń béèrè ìkòkò òdòdó, a mọ òdòdó. Ọkùnrin kan máa ń gba Ìlárá wọlé láti apá ọ̀hún bọ́dà, á kí wa ní "bọ́ńjùù, Màmá", á kó ìkòkò tùràrí lọ. A fi odó sílẹ̀, wẹ́dà kan bá wa ṣe ẹ̀rọ tó ń lọ amọ̀, ìwọ ni wàá máa fi ọwọ́ ti amọ̀ sí i lẹ́nu, yóò sì máa gbọ̀n ọ́ láti ọwọ́ dé eyín. Wọ́n tún gbé kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò kan wá tó ń yí ìkòkò fúnra rẹ̀, èèyàn kàn máa jókòó ni. Mo jókòó, ó yí, ojú mi yí pẹ̀lú rẹ̀, mo ní kí wọ́n dá mi padà sórí ẹsẹ̀ mi.

Agbada gàrí nìkan ni ohunkóhun ò lè lé. Àwọn obìnrin Àgọ́sásá, tí Ìyá Sàúdá jẹ́ olórí wọn, ní irin máa ń jó gàrí lójú kan, á fi ojú kan sílẹ̀ ní tútù, pé amọ̀ ló ń mú ooru káàkiri. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ti ń rà á, torí agbada mi kì í fọ́. Gbogbo ibi lára rẹ̀ ló máa ń dọ́gba. Ìka mi ló ń ṣe é.

Nígbà tó yá, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn. Mo ń gbọn ọwọ́, mo ń fi òróró pa á. Lẹ́yìn náà, èèrà lọ, ìka dákẹ́. Mo fi ọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, kò ṣe mí bíi nǹkan kan. Mo mú ẹyín iná kékeré kan, mo gbé e dé ààrò Àbẹ̀ní.

Inú mi dùn o! Àbẹ̀ní fò sókè. "Ọwọ́ ti gba iná! Ẹ̀gbọ́n wa ti jáde ilé ìwé!" Mo se ẹ̀wà, mo fi epo sí i dáadáa, mo jókòó sórí àpótí àgbà. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀: ìránṣẹ́ mi kú, mo se àsè lé e lórí.

Iná tí a dá lẹ́yìn ìyẹn ló sọ òótọ́. Ìyá Sàúdá ti gba mọ́tò wá kó agbada tirẹ̀, ó jókòó nítòsí, ó ń jẹ ẹ̀pà. Iná mú dáadáa. Bàù! Mo ní bóyá ọ̀kan ni. Bàù! Bàù! Àfọ́kù ń fò jáde nínú iná bí ẹyẹ tí wọ́n lé. Ìyá Sàúdá sá wọ abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó yọrí.

"Ìyá Rámọ́tà, ṣé gàrí la fẹ́ yan ni àbí ogun lẹ fẹ́ bá wa jà?"

Mo tú inú eérú wò. Agbada kan ṣoṣo ló dà bíi pé ó wà ní odidi, mo fi ọwọ́ gbé e. Mo dúró, mo gbé e dání, mo ń yí i wò, mo rí i pé ìdí rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì ní apá kan, ó fẹ́lẹ́ bí ewé ní apá kejì. Ibi tí mo ti ń wò ó ni mo ti gbọ́ òórùn kan. Mo ní, "Ta ló ń sun ẹran?"

Àbẹ̀ní ké. Ọwọ́ mi ni.

Imú mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé iná ń jó mi. Ìka mi tó wà nínú iná ò sọ nǹkan kan.

Mo ju agbada náà sílẹ̀, ó fọ́. Ìyá Sàúdá wọ mọ́tò rẹ̀ lọ, àwọn obìnrin Àgọ́sásá sì ra agbada onírin. Rámọ́tà, ọmọ mi, gbọ́, ó sáré wá. Mo ti ń ṣàlàyé fún un pé amọ̀ ibi tí a ti wà á ti bàjẹ́, pé ìrì ni, pé igi tútù ni. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ wọ bàtà." Ìlaròó la gbà lọ.

Ní ọsibítù, wọ́n tọ́jú ojú egbò náà, wọ́n sì fà mí lé ọ̀dọ́bìnrin kan lọ́wọ́, Fúnmiláyọ̀. Mo pè é ní nọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kọ́, iṣẹ́ tòun ni kí ẹ̀yà ara tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní, "Ìyẹn ni pé alábòójútó ni ọ́." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, alábòójútó àwọn ọ̀lẹ."

Ó ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sí méjì, ó mú wọn papọ̀, orí wọn jìnnà síra díẹ̀.

"Màmá, ẹ dijú. Mélòó ló kàn yín?"

"Ẹyọ kan."

"Ní ìka kékeré ńkọ́?"

"Méjì."

"Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ wá." Ó fi kan ìka Rámọ́tà. Méjì. Ó fi kan ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹyọ kan," ni Rámọ́tà wí.

"Méjì ni o."

"Irọ́ ni! Ẹyọ kan ló kàn mí!" Èmi fúnra mi ń wò ó, méjì ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, pé ẹ̀yìn ọmọ mi ò mọ ìṣirò.

Fúnmiláyọ̀ wá jókòó, ó sì ṣàlàyé. Ó ní abẹ́ awọ ara wa kún fún ìránṣẹ́ tí ojú ò lè rí. Ọ̀kan mọ ooru, ọ̀kan mọ òtútù, ọ̀kan mọ ìrora, ọ̀kan mọ ìgbà tí nǹkan fẹ́rẹ̀ kanni, òmíràn mọ ìgbà tí nǹkan tẹni mọ́lẹ̀. Wọ́n pọ̀ jù ní orí ìka àti ètè, wọ́n ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn. Nítorí náà ni ẹ̀yìn kò fi mọ méjì yàtọ̀ sí ẹyọ kan. Ó ní ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní okùn tó tín-ín-rín ju irun lọ, tó gba inú apá gòkè lọ sínú eegun ẹ̀yìn, dé ọrùn. Ibẹ̀ ló ti fa iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ẹni yẹn á tún fà á lé ẹlòmíì, títí dé inú ọpọlọ.

"Wọn kì í fara kanra," ló wí. "Àlàfo díẹ̀ máa ń wà láàárín wọn. Ẹni àkọ́kọ́ á ta omi díẹ̀ sí èkejì lára, ìyẹn ni èkejì á fi mọ̀ pé iṣẹ́ dé."

"Gbogbo ìyẹn kí n tó mọ̀ pé amọ̀ tutù?"

"Kí ẹ tó ṣẹ́jú, Màmá."

Mo béèrè iná. Mo ní kí ló ń mú kí ọwọ́ ọmọdé fò kúrò lórí iná kó tó sunkún. Ó ní ọ̀rọ̀ iná kì í dúró de orí. Tó bá ti dé eegun ẹ̀yìn, ibẹ̀ náà ló ti ń pàṣẹ pé kí ọwọ́ kúrò, ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí orí lẹ́yìn. Òun ni ẹkún fi ń dé lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ ò bá kúrò ní ìka rárá, kò sẹ́ni tó máa pàṣẹ.

"Kí ló dá tèmi dúró?"

Ó di ọrùn-ọwọ́ mi mú. Ó ní eegun wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ìdè kan tó le sì wà lókè bíi bẹ́líìtì, okùn ìka mẹ́ta àti ààbọ̀ àti àwọn iṣan tó ń ká ìka jọ ló ń gba ojú ihò kan náà kọjá. Títẹ amọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá àti gbígbọ̀n ẹ̀rọ ti mú ibẹ̀ wú, ó ti fún okùn náà lọ́rùn. Ìka kékeré ń gba ọ̀nà míì, òun ló ṣe bọ́.

Kò tún ní láti ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò gbé ní ẹ̀bá bọ́dà tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ṣẹkípọ́ìntì? Ọkọ̀ ńlá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ síbẹ̀, ẹlẹ́rù kékeré ò lè kọjá. Mo ní, "Ẹ ṣí ọ̀nà fún un."

Wọ́n ṣí i. Dókítà la ọrùn-ọwọ́ mi, ojú ibẹ̀ ò gùn ju ìka ìkókó lọ. Mo rò pé bí mo bá ti délé ni máa bẹ̀rẹ̀ sí í mọ agbada. Fúnmiláyọ̀ ní rárá. Ó ní nínú ọpọlọ, ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ oko tirẹ̀. Ti ẹ̀yìn ò ju ẹ̀yìnkùnlé lọ, ti ìka fẹ̀ rẹrẹ. Nígbà tí ìka mi dákẹ́, tí kò sí iṣẹ́ tó ń dé sórí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáko síbẹ̀.

"Ẹ máa gba ilẹ̀ yín padà díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ wo nǹkan, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ dijú, ẹ tún fọwọ́ kàn án. Ojú ló máa rán ìka létí ohun tó ti mọ̀ rí."

Mo wò ó. "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ Màmá Àṣàké fún ọ?"

"Ta ni Màmá Àṣàké?"

Mo ròyìn gèlè fún un, mo ròyìn òkúta ẹ̀gúsí, mo ròyìn omi tútù. Ó ní òótọ́ ni ti omi tútù, pé nǹkan tó bá wà lára wa lójú kan, àwọn ìránṣẹ́ á dákẹ́ lórí rẹ̀, àfi kó tún yí padà. Ó bi mí léèrè bóyá mo mọ̀ pé gèlè wà lórí mi kó tó sọ̀rọ̀ yẹn. Mo fọwọ́ kan orí mi. Kí n má purọ́, mi ò mọ̀. Ó ní, "Màmá, tẹ́ ẹ bá tún ń bọ̀, ẹ mú amọ̀ dání." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ń ki òkúta sí i, èmi ni mò ń wá a, ojú mi sì padà sínú gèlè bí ìgbà ọmọdé.

Ó gùn. Rámọ́tà á bu ìrẹsì sínú àwo, á bu ẹ̀wà sí òmíràn, àgbàdo sí òmíràn, èmi á dijú. Mo pe ìrẹsì ní ẹ̀wà. Mo pe bọ́tìnnì ní owó ẹyọ. Àbẹ̀ní wá kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀, a ti dàgbà." Mo ní òun ló dàgbà. Èèrà tó lọ tún padà sínú ìka mi, ó ń ta mí, Fúnmiláyọ̀ sì yọ̀ nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ará ilé ló ń dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo dijú, mo ń po amọ̀ kékeré kan láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Nǹkan gún mi. Mo dúró. Mo rò pé èèrà ni. Mo yí i, ó tún gún mi, ní ibòmíì. Mo la ojú, mo tú amọ̀ náà. Ẹyọ iyanrìn kan ló wà níbẹ̀, ó ń dán.

"Rámọ́tà! Iyanrìn!"

Ó sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. "Ó wọ yín lójú?"

"Ó wọ ìka mi!"

Ọjọ́ tí mo rí òkúta iyanrìn lọ́dọ̀ Màmá Àṣàké, mi ò jó. Ọjọ́ yìí, mo jó. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá ń fun fèrè fún mi.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Àgọ́sásá. Mo bá Ìyá Sàúdá nídìí agbada onírin rẹ̀, ó ń ha gàrí tó jó. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ológun."

"Ẹ jẹ́ kí n dá iná ẹ̀ẹ̀kan péré fún yín."

"Ká tún wá kó àpáàdì? Ìyá Rámọ́tà, àwọn tó ń ra gàrí lọ́wọ́ wa ti ń bínú. Bí mo bá kó àwọn obìnrin yìí wá sí Ayétòrò tí mo bá bá àfọ́kù, wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe olórí mọ́."

"Bí ẹ bá bá àfọ́kù, mi ò ní fọwọ́ kan amọ̀ mọ́ láyé."

Ó ha gàrí díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ẹ rí i pé ó dọ́gba o. A ń bọ̀."

Mo mọ wọn. Mo fi ẹ̀yìn rìn yí wọn ká, mo ń fọ ọwọ́ lómi tútù, àtàǹpàkò mi ń bá ìka tó wà níta sọ̀rọ̀ láti inú amọ̀: ó nípọn, fà á, ó tó, fi í sílẹ̀. Mo dì wọ́n sínú igi àti imọ̀ ọ̀pẹ, a dá iná, mo jókòó tì í títí ó fi rọlẹ̀. Mi ò gbọ́ ìró kankan. Ṣùgbọ́n ìkòkò lè là kó má pariwo.

Ìyẹn ló mú wa padà sí àárọ̀ ọyẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò dé, Ìyá Sàúdá sọ̀, àwọn obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ara wọn nínú òtútù. Mo fi igi oníga wọ́ eérú kúrò. Mo gbé agbada àkọ́kọ́ jáde, mo dúró kó tutù, mo fi ìka ọ̀tún mi yí etí rẹ̀ ká. Ibi gbogbo dọ́gba. Mo kàn án. Ó dún geeee, ohùn náà pẹ́ kó tó lọ. Mo kan èkejì, ó dún. Ìyá Sàúdá ti mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wọ́n fúnra rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó tẹ etí sí wọn bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Nígbà tó kàn wọ́n tán, kò bá èyí tó là. Ó nàró.

"Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kó agbada yín. Irin wa ti di òrùlé ilé adìyẹ láti òní."

Wọ́n kígbe. Wọ́n gbé mi sókè, èmi arúgbó, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jù mí sínú eérú. Àbẹ̀ní fẹ́ bá wọn di ẹrù, ó gbé agbada kan tí kò tíì tutù, ó sì fi ọwọ́ lásán gbé e dé mọ́tò, kò fajú ro. Àwọn obìnrin Àgọ́sásá ní, "Háà, ọwọ́ ti gba iná!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò.

Ọjọ́ kejì, mo ṣẹ́ ìgbálẹ̀ sí méjì, mo pe gbogbo amọ̀kòkò etí odò jọ, mo sì tú gèlè orí mi. Wọ́n rò pé eré ni. Mo dì wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń béèrè iye tó kàn wọ́n. Méjì. Méjì. Wọ́n ń fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó kan Àbẹ̀ní.

"Ẹyọ kan," ló wí.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sún mọ́ wa.

"Ẹ tún un ṣe, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni."

Mo tún un ṣe.

"Ẹyọ kan ni." Ó fa gèlè kúrò lójú, ó wo ìgbálẹ̀ méjì tó ṣì wà lórí ìka rẹ̀, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wà tí mo sè ńkọ́?"

"A ti jẹ ẹ́. Lọ wọ bàtà."

A wọ mọ́tò Ìlaròó kí oòrùn tó mú, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú nínú ọwọ́ mi títí a fi dé ibẹ̀. Ó tutù. Èmi ni mo mọ̀, òun ò mọ̀.